Ìdí-Igi Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe akọ̀wé ní kọ́ọ̀tù ní Abẹ́òkúta, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún, kí n tó wá sí Dublin wá máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àlejò. Mi ò sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lè káàánú mi. Iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́, bẹ́ẹ̀dì kì í sì í bá ènìyàn jà bí àwọn ọmọ olóògbé ṣe máa ń bá wa jà. Àmọ́ bí ènìyàn bá ti ka ìwé ogún fún ọdún mọ́kànlá, ojú tó fi ń wo ilé kì í ṣe ojú lásán mọ́. Ilé tí mo bá wọ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rò ni ẹni tí yóò jogún rẹ̀, àti ẹni tí wọn ò ní kọ orúkọ rẹ̀.

Lucan, ní ẹ̀bá Dublin, ni mo ń gbé nígbà náà, nínú yàrá kan lókè ilé tuntun tí òórùn ọ̀dà kò tíì kúrò lára ògiri rẹ̀. Gbogbo Dublin ló ń kọ́lé. Kíréènì kún ojú ọ̀run, owó ń rìn nígboro, àwọn ènìyàn ń tò lórí ìlà láti ra ilé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́, àwòrán lásán ni wọ́n ń fi hàn wọ́n. Èmi ò mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ní àdúgbò wa. Wọ́n á juwọ́ sí mi láti inú mọ́tò, èmi náà á juwọ́, ó parí. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ìkíni tí mo kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì nìkan ni ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi títí mo fi dé ibi iṣẹ́. Àjò ò dùn kí onílé má relé, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọn ò sọ ohun tí onílé yóò máa ṣe bí kò bá lè relé. Èmi máa ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀ tí mo bá ń se ìrẹsì.

Ọdún yẹn ni bàbá mi kú. Mi ò lè lọ sin wọ́n. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba, ẹni tó bá sì jáde nílùú kí wọ́n tó fọwọ́ sí tirẹ̀, ó jáde tán nìyẹn. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń sin bàbá mi, èmi ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni bọ̀ọ̀dá mi pè mí. Àwọn ni dáwódù, àkọ́bí bàbá wa ọkùnrin, ọmọ ìyàwó àgbà. Ọmọ márùn-ún ni ìyàwó àgbà bí. Ìyá tèmi, tó jẹ́ ìyàwó kejì, èmi nìkan ló bí, ó sì ti kú láti ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Inú ọgbà ilé bàbá wa la sin ín sí, lábẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀.

“A fẹ́ pín ilé bàbá,” ni bọ̀ọ̀dá mi wí. “Lawyer ti ń múra ìwé ẹ̀. Orí-ò-jorí la máa lò o. Ọ̀nà mẹ́fà, everybody equal.”

“Ìdí-igi ni wọ́n ń lò nílé wa, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.”

“Ìdí-igi kẹ̀? Ìwọ nìkan, half? Àwa márùn-ún, half? Ṣé ò ń gbọ́ ara ẹ báyìí?”

Mo ń gbọ́ ara mi dáadáa. Bí wọ́n bá pín ogún ní orí-ò-jorí, orí àwọn ọmọ ni wọ́n ń kà. Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, àwọn ìyá ni wọ́n ń kà: ìdajì fún ọ̀dọ̀ ìyá yìí, ìdajì fún ọ̀dọ̀ ìyá tọ̀hún, ẹni tó bí ọ̀kan kò kéré sí ẹni tó bí márùn-ún. Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ ìdajì náà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí jù ni ìwé yẹn. Orí-ò-jorí á kọ bàbá kan àti ọmọ mẹ́fà, kò sì ní sí ibì kankan tí ìyá mi á ti hàn pé ó wọ inú ilé náà rí. Mo ti rí ohun tí ìwé máa ń ṣe. Ẹni tí kò bá sí nínú rẹ̀, bó pẹ́ bó yá, wọ́n á ní kò wà rí.

Mo ní mi ò gbà. Bọ̀ọ̀dá mi ní kí n máa bọ̀ wá sọ ọ́ lójú ẹbí nígbà náà. Wọ́n mọ̀ pé mi ò lè wá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó, mo sì fi oṣù mẹ́ta rò ó, nítorí mo mọ̀ pé lọ́yà ò ní parí ìwé láìjẹ́ pé gbogbo ọmọ gbà.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni ìyá àgbà ará Amẹ́ríkà kan dé sí ilé àlejò tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú wọn sì ti ń kú lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo wọ yàrá wọn láti tún un ṣe, ìwé ló kún orí bẹ́ẹ̀dì, fọ́tòkọ́pì oríṣiríṣi, ìkọ̀wé ayé àtijọ́ tó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Mo wò ó, mi ò tilẹ̀ mọ ìgbà tí ẹnu mi bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè.

“Ṣé o lè ka ìyẹn?” ni wọ́n bi mí.

“Ìwé ìhágún ni, mà. Ọwọ́ akọ̀wé yìí ò burú. Mo ti ka èyí tó burú jù ú lọ.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n máa lò ní Dublin, gbogbo ọjọ́ tí mi ò bá sí níbi iṣẹ́, èmi ni ojú wọn. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí n sọ òtítọ́, kì í ṣe nítorí owó tí wọ́n ń fún mi ni mo ṣe ń sáré jí. Ẹnì kan ń dúró dè mí nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹni náà á sì béèrè bí mo ṣe sùn.

Ọ̀rọ̀ wọn rèé. Láyé ìgbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lé Amẹ́ríkà lórí, ọkùnrin kan nínú àwọn baba ńlá wọn wọ ọkọ̀ òkun láti Ireland lọ sí Fajíníà. Ó gba ilẹ̀ níbẹ̀, ó bímọ, ó kú. Ìyá àgbà ní ìwé ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ìwé ìhágún rẹ̀, wọ́n ní àkọsílẹ̀ gbogbo ẹrù tí wọ́n bá nílé rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú. Wọ́n mọ orúkọ ọkùnrin náà, ti ọmọ rẹ̀, ti ọmọ ọmọ rẹ̀, títí dé orí bàbá tiwọn. Ohun kan ṣoṣo ni wọn ò mọ̀, ìyẹn orúkọ ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n gbà pé Ireland ló ti fẹ́. “Ìyàwó mi” ni ọkùnrin náà ń pè é láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀. Wọ́n fẹ́ kọ orúkọ obìnrin yẹn sínú ìwé ẹbí wọn kí ojú wọn tó kú pátá. Wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn ò bìkítà, pé bí àwọn ò bá rí i, kò sí ẹni tó máa tún wá a.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìhágún àtijọ́ ilẹ̀ Ireland ti jóná nígbà tí wọ́n ń bá ara wọn jagun. Ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ kò jóná. Ilé kan wà láàárín ìlú tí wọ́n kó wọn sí, ibẹ̀ la sì ń lọ. Ìwé ibẹ̀ tóbi tó ilẹ̀kùn fèrèsé, wọ́n wúwo, fúnra ẹni lèèyàn máa gun àkàbà lọ gbé wọn. Èmi á gbé e, màá gbọn eruku rẹ̀ nù, màá ṣí i, ìyá àgbà á jókòó tì mí, wọ́n á ká ọwọ́ lé orí ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn. Bàbá kan wà nídìí káńtà níbẹ̀ tí kì í béèrè nǹkan kan. Bí mo bá tọrọ àforíjì pé ìwé bọ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ kan náà ni: “You're grand,” ìyẹn ni pé kò séwu.

Ọjọ́ kìíní tí mo ka bí ọkùnrin náà ṣe pín ilẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìhágún tí ìyá àgbà mú wá, mo fi ìka tọ ìlà náà. Ọmọ mẹ́fà ló bí. Ó fún àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ní ìdajì ilẹ̀. Ìdajì tó kù, ó ní kí àwọn márùn-ún tó kù pín in láàárín ara wọn. Ọ̀kan sí márùn-ún. Mo tún un kà. Mo rí i kedere bí mo ṣe ń rí ọwọ́ ara mi.

“Mà,” ni mo wí, “ìyàwó méjì ló fẹ́. Ọ̀kan bí ẹyọ kan, èkejì bí márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí a ò fi rí orúkọ ìyàwó náà. Ẹnì kan là ń wá, méjì ni wọ́n.”

Ojú ìyá àgbà tàn. Wọ́n sọ nǹkan kan nípa àṣà àwọn ará ayé ìgbà náà, pé àkọ́bí máa ń mú tirẹ̀ lọ́tọ̀, àmọ́ èmi ò dúró gbọ́. Mo ti ń ṣàlàyé ìdí-igi fún wọn. Mo sọ ọ́ débi pé àwọn náà gbà á gbọ́, nítorí ẹni tó ti wá nǹkan títí tó rẹ̀ ẹ́, ọ̀nà tuntun máa ń dùn ún gbọ́. Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí wá ìyàwó méjì. A wá opó, a wá ilẹ̀ tí bàbá ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, a wá gbogbo obìnrin tó bá jẹ́ orúkọ ẹbí náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nínú ọ̀sẹ̀ kejì ni mo mú àkọsílẹ̀ ẹrù ọkùnrin náà, mo ní kí n wá ẹrù obìnrin méjì níbẹ̀: bẹ́ẹ̀dì méjì, ìkòkò méjì, kẹ̀kẹ́ ìrànwú méjì. Mo ń kà á sókè, màlúù, ọmọ màlúù, ẹṣin tó yarọ, ni mo bá kan obìnrin kan. Orúkọ kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà “àti ọmọ rẹ̀”. Lẹ́yìn wọn ni ìkòkò irin. Obìnrin dúdú ni. Wọ́n ti rà á.

Mo gbójú sókè wo ìyá àgbà. Wọ́n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, mo rí i lójú wọn. Inú bí mi, mi ò lè fi pa mọ́. Mo ní, “Mà, ẹ wò ó. Ìyàwó ilé kò lórúkọ, ẹni tí wọ́n rà ló lórúkọ.” Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí èèyàn bá lè tà ló máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún orúkọ náà kà. Mo kà á. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kékeré wọn, lẹ́tà gàgàrà gàgàrà. Èmi ń rò ó lọ́kàn mi pé orúkọ yẹn kì í ṣe èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Mi ò sọ ìyẹn síta. A ò ka nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n lọ, a jókòó níbi tí a ti ń mu tíì lọ́sàn-án, òjò ń rọ̀. Wọ́n ní kí n tún ka ìwé ìhágún náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n má sáré. Mo dé ibi tí ọkùnrin náà ti ní kí wọ́n fi yàrá apá ìwọ̀ oòrùn sílẹ̀ fún ìyàwó òun títí tó fi máa kú, kí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì máa fún un ní igi ìdáná. Mo fẹ́ máa kà lọ. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé ìwé náà.

“Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Obìnrin náà ló bí wọn. Ṣé ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí?”

“Ó wà níbẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n ìyàwó àgbà ni wọ́n ń sọ. Ìyàwó àgbà ló ni gbogbo ọmọ inú ilé.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

Mo tún ojú ìwé náà wò. Nílé wa ni. Nílé wa, ìyàwó àgbà ló ń pè mí lọ́mọ òun, àwọn ni wọ́n fà mí lọ síléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí wọ́n bá sì ń kà á fún àlejò, ọmọ mẹ́fà ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn bí. Mo ti ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹwàá, mo sì ń fò ó kọjá, nítorí kò ya èmi lẹ́nu.

Wọn ò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n rọra ṣàlàyé fún mi pé lọ́dọ̀ àwọn, ìyàwó kan lẹ́ẹ̀kan náà ni, àkọ́bí ọkùnrin ló sì máa ń mú èyí tó pọ̀ jù, pé àwọn ti sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kìíní. Òótọ́ ni. Mo ti mú arúgbó tí ojú rẹ̀ ń kú, mo gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mẹ́rin, mò ń fi ojú rẹ̀ wá ìyá mi kiri. Ojú tì mí débi pé tíì náà korò lẹ́nu mi.

“Ta lò ń wá gan-an?” ni wọ́n bi mí.

Mo sọ fún wọn. Ilé bàbá mi, bọ̀ọ̀dá mi, yàrá ìyá mi, sàréè lábẹ́ fèrèsé. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìbéèrè kan nípa wọn. Mo sọ̀rọ̀ títí òjò fi dá.

Ìgbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n lọ la rí ìwé kan. Èmi ni mo rí i, nínú ìwé tó wà lórí pẹpẹ tó ga jù. Ìwé ilẹ̀ tí ọkùnrin yẹn ṣe kó tó wọ ọkọ̀ òkun: ó ń dá ilẹ̀ tó háyà padà. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ onílẹ̀, orúkọ abúlé. Orúkọ alásè búrẹ́dì tó ṣe ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. Pápá tí ẹran rẹ̀ ti ń jẹ koríko, pápá yẹn gan-an ní orúkọ. Mo ń kà á, ìyá àgbà fara ti ọ̀pá wọn. Mo wá dé ibi tó kàn: “àti ìyàwó rẹ̀.” Kómà. Ìwé náà kọjá lọ.

Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ìgbà kẹta, mo fa ọ̀rọ̀ náà gùn, bíi pé bí mo bá pẹ́ lórí rẹ̀, orúkọ á jáde láti abẹ́ rẹ̀. Kò jáde. Ìyá àgbà bọ́ awò ojú wọn.

“Wọ́n kọ orúkọ pápá,” ni wọ́n wí.

Mo gbé ìwé padà sórí pẹpẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, mo sìn wọ́n dé ìdí bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí pápákọ̀ òfúrufú, mo gbé àpótí ìwé wọn wọlé fún wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú láti ẹnu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì. “Orúkọ ìyá tìrẹ ńkọ́,” ni wọ́n wí, “ṣé wọ́n á kọ ọ́?” Ilẹ̀kùn padé, bọ́ọ̀sì náà gbéra.

Mi ò lọ sílé. Mo gba ọ̀nà Moore Street lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí a ti máa ń pe fóònù, mo wọ inú àpótí onígíláàsì kan, mo pe bọ̀ọ̀dá mi. Ó bọ́ sí ọjọ́ ìpàdé ẹbí, gbogbo wọn wà ní pálọ̀ bàbá wa, mò ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn, lọ́yà náà wà níbẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi, mo gbà. Ẹ pín in ní orí-ò-jorí.”

Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń wá ibi tí ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ náà. “Are you sure? Kò sí wàhálà?”

“Kò sí. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín. Ìpín tèmi, ẹ jẹ́ kó jẹ́ yàrá ìyá mi àti ilẹ̀ tí sàréè wọn wà. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé yàrá ìyàwó kejì bàbá wa ni, kí ẹ kọ orúkọ wọn, orúkọ wọn gan-an.”

“Ah, ìyẹn nìkan? No problem at all.” Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe mí kanlẹ̀. “Lawyer, ẹ máa kọ ọ́.” Wọ́n padà sórí fóònù. “Kí ni orúkọ wọn?”

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò mọ̀ ọ́n?”

“Ìyá Kékeré la ń pè wọ́n. Bàbá náà, orúkọ tìẹ ni wọ́n fi ń pè wọ́n, Ìyá Lágbájá. Èwo la tún fẹ́ mọ̀?” Wọ́n yíjú sí àwọn tó kù, mo gbọ́ tí wọ́n ń béèrè. Ẹnìkan ní òun rò pé orúkọ Òyìnbó kan wà. Ẹnìkan ní kí wọ́n kọ Mísíìsì, kí wọ́n fi orúkọ bàbá tì í.

Mi ò lè bá wọn jà. Ta ló ń pe ìyá rẹ̀ lórúkọ? Èmi pẹ̀lú ọdún mọ́kànlá mi ní kọ́ọ̀tù, gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo kọ láyé mi, Mísíìsì ni mo kọ, mo fi orúkọ bàbá mi tì í. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ tí wọ́n sọ ìyá mi. Ìyá tó bí ìyá mi ló pè é, nígbà àìsàn tó gbé wọn lọ. Màmá ìyá mi jókòó létí ẹní, wọ́n pè é wẹ́rẹ́, bí a ṣe ń pe ọmọ kékeré láti ibi eré, ìyá mi sì la ojú, ó ní, “Mà.”

“Hello? Are you there? Lawyer ń dúró.”

Nínú àpótí kejì, ọkùnrin kan ń fi èdè Póláǹdì bínú sí ẹnì kan. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ mi níbẹ̀. Síbẹ̀ mo kọjú sí ògiri, mo kúnlẹ̀ lórí eékún kan, nítorí ara mi ò gbà á pé kí n wà lórí ìdúró. Mo pe orúkọ ìyá mi.

“Tún un pè, lawyer ò gbọ́ dáadáa.”

Mo tún un pè, sókè, tán pátápátá, ti àbísọ àti ti ilé bàbá wọn. Lẹ́yìn náà mo gbé fóònù mọ́ etí, mo dúró, bí èèyàn ṣe máa ń dúró kí ẹni tó pè lè dáhùn. Bọ̀ọ̀dá mi ló dáhùn. Wọ́n ní lọ́yà ti kọ ọ́.